Ìdajì Àga Ilé Harrowmere

Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ bọ́ bàtà sí ẹnu àtẹ̀gùn, kí snow má baà yọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Ẹ sún mọ́ra, basement yìí kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó móoru. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Calgary, ta ló ráyè àgbà? Ẹnìkan ń sáré lọ sí downtown, ẹnìkan ń sáré ra ilé, ẹnìkan ń pààrọ̀ mọ́tò tí kò tíì gbó. Owó epo já lulẹ̀ tán, mo wá di ẹni tí àwọn ẹnjiníà ń wá kí lọ́sàn-án Saturday. Mo ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ni o, inú mi kò dùn sí i. Àwọn baba wa ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí.

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí léèrè nípa ilé Lọ́ọ̀dù tí mo bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń sá fún ọ̀rọ̀ náà. Màá sọ ọ́ lónìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ẹ jẹ́ kí n gba ibi tó dùn wọ̀ ọ́, nítorí ibi tó korò kò jìnnà.

Òfin ni mo lọ kà ní ìlú òyìnbó. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wọ ọkọ̀ ojú omi láyé ìgbà náà, òfin ló ń lọ kà, àfi ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní dandan kó di dókítà. Kòkó bàbá mi ní Iléṣà kùnà lọ́dún kejì, owó ilé ẹ̀kọ́ dá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kiri. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú mi lọ sí ilé Harrowmere. Ìdílé ńlá ni. Bàbá tó ni ilé, Lọ́ọ̀dù ni. Ó ń jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn olóyè nítorí pé bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Mr. Hugh, ń jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ kejì, èyí tí ará ìlú ń dìbò fún. Lọ́ọ̀dù bí ọmọkùnrin méjì. Àkọ́bí ni yóò jogún oyè. Èkejì, Julian, ni yóò gba àga Mr. Hugh bó bá dàgbà. Nígbà tí mo dé, Julian kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, síbẹ̀ gbogbo ìlú ti mọ̀ pé òun ni wọn yóò dìbò fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ìdílé kan ṣoṣo ló ń jẹ gómìnà nílé, kí lẹ tíì rí?

Wọn kò lè pe orúkọ mi. Lady, ìyàwó Lọ́ọ̀dù, gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "We shall call you Sam." Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jẹ́ Sam.

Ilé wọn ní London kò jìnnà sí ilé ìgbìmọ̀. Agogo kan wà lára ògiri yàrá ìjẹun, wáyà rẹ̀ so mọ́ ilé ìgbìmọ̀ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fẹ́ dìbò lórí òfin kan, agogo náà á pariwo, kírírírírí, kò ní dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Mr. Hugh ní láti débẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì tí mo dé ló kọ́kọ́ dún létí mi. Mo ní àlejò ló dé. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, bí àlejò bá dé, ó yẹ kó lọ pàdé rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà, mo tẹrí ba, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mr. Hugh sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn tòun ti ẹran lẹ́nu, ó kọlù mí, àwa méjèèjì bá ara wa lórí àtẹ̀gùn òde. Ó dìde, kò bú mi, kò gbọn aṣọ rẹ̀, ó ń sáré lọ ni. Láti ọjọ́ náà, kí agogo tó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀wù àti bàtà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ bàtà ọkùnrin yẹn ju tèmi lọ.

Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, jíjẹ ni, mímu ni, ìṣèlú ni. Lọ́ọ̀dù á máa fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sára búrẹ́dì láàárọ̀, á máa ka ìwé ìròyìn, á sì máa bú mínísítà kan tí wọn yóò jọ jẹun ọ̀sán. Ìjà ìṣèlú kì í dé orí tábìlì oúnjẹ. Mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n pe ara wọn ní òpùrọ́ níwájú gbogbo ayé, lọ́jọ́ kejì wọ́n wà lórí àga kan náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹṣin. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà. Nílé wa, bí ìṣèlú bá pín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, òkú ìyá wọn gan-an, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sin ín.

Ẹ̀yin náà ní agogo tiyín. Mo máa ń wò yín bí fóònù bá gbọ̀n nínú àpò yín. Ojú yín á kọ́kọ́ ràn. Agogo tiwa ń pe èèyàn wá síbi iṣẹ́ ni, tiyín ń sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ ti bọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n ìgbèríko ni ìṣèlú wọn gan-an wà, ní ilé ńlá tí ìbò wọn ti ń wá. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná níbẹ̀, àpótí pákó gígùn kan sì wà nínú rẹ̀ tí káàdì kún. Ilé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, iye ọmọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí orúnkún ń dùn, orúkọ ajá pàápàá. Lady ló dá a sílẹ̀, èmi ni ó fà á lé lọ́wọ́ nígbà tí ó rí i pé ìwé kíkọ mi dára. Kí Mr. Hugh tó wọ abúlé kan, màá ti ka káàdì ibẹ̀ sí i létí. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Ṣebí bí ìyá mi ṣe ń kí èèyàn lọ́nà oko nìyẹn? Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ńkọ́. Ìyá mi kò ní káàdì, orí ló kó gbogbo rẹ̀ sí.

Mo ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo fi káàdì opó kan sípò ti aládùúgbò rẹ̀. Mr. Hugh lọ bá obìnrin tó sin ọkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn láti gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti ń rìn káàkiri. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní, "Sà, bó bá ń rìn káàkiri, ẹ jọ̀wọ́ ẹ júwe ibi tẹ́ ẹ ti rí i fún mi." Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, èmi kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Lady ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo wọ aṣọ dúdú, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fà mí dìde, ó po tíì fún mi. Ìdílé Harrowmere ló ń dìbò fún títí ó fi kú.

Lọ́dọọdún, bí ooru bá dé, wọ́n á ṣí ọgbà ilé náà fún gbogbo abúlé. Ariwo àwọn ọmọdé, orin àwọn afunfèrè, òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Lady àti àwọn ọmọ rẹ̀ á fi ọwọ́ ara wọn po tíì fún àwọn tó ń roko. Lọ́ọ̀dù á sì dájọ́ àlùbọ́sà, ta ni tirẹ̀ tóbi jù. Lọ́dún kan, ara rẹ̀ kò yá, Julian ló ṣe adájọ́, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó fún abúlé kan náà ní ẹ̀bùn fún ọdún kẹta léra, nítorí pé àlùbọ́sà wọn ló tóbi jù lóòótọ́. Lọ́ọ̀dù pè é wá síbi bẹ́ẹ̀dì tó dùbúlẹ̀ sí. Èmi ni mo gbé oògùn wọlé, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní kó máa wo àlùbọ́sà bó bá fẹ́ di àgbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ di òṣèlú, ẹni tó gbìn ín ni kó máa wò. Julian rẹ́rìn-ín. Kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Saturday, àwọn ará ìlú máa ń kó ẹjọ́ wọn wá bá Mr. Hugh. Òrùlé ń jò, ọmọ ń wá iṣẹ́, ọkọ kò rí owó ìfẹ̀yìntì gbà. Èmi ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ orúkọ sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí wọ́n ń gbé, nítorí odò kan la ilẹ̀ náà sí méjì, aṣojú mìíràn ló sì ni òdìkejì. Ẹni tó bá wá láti òdìkejì odò, ẹjọ́ rẹ̀ kò kàn wá, bó ti wù kó le tó. Àṣà ilé ìgbìmọ̀ wọn ni, aṣojú kan kì í wọ oko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan wà tí a máa ń fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin péré. Lady yìn mí, ó ní ó tutù lẹ́nu, kò sì ṣèlérí nǹkan kan. Ìyá kan fi ẹsẹ̀ rìn wá nínú òjò lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Mo fún un ní lẹ́tà náà. Ó ká a, ó fi sí àyà ẹ̀wù rẹ̀ kí òjò má baà pa á. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi. Ọlọ́run ló mọ iye irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí mo dá padà.

Èmi àti Julian ńkọ́? Mo gbé e kọ́ ọrùn. Mo kọ́ ọ ní ayò, ó sì ń rẹ́ mi jẹ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba, ilé ìdáná ni ó ti fi kọ́ra. Èmi ni ilé ìgbìmọ̀, èmi ni àwọn ọ̀tá, èmi náà ni mo ń pàtẹ́wọ́. Mr. Hugh dàgbà, ó fẹ̀yìn tì, ìbò dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn lẹ́yìn Julian láti ilé dé ilé, mo ń sọ ọ́ sí i létí pé: èyí tó ń bọ̀ yìí, Martha ni, orúnkún ń dùn ún, ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ológun. Ó wọlé. Wọ́n gbé e lé èjìká níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ẹnu kò gba ìdùnnú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá mi rí láàárín èrò, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Sam, half of this seat is yours."

Dẹ́jì, mo gbọ́ ọ. O ní "Baba, politician na politician." O gbọ́n jù mí lọ. Lẹ́yìn ìbò náà, mo padà sílé, mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání bí ẹni gbé ẹyin. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi kó tó kú, mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, láti ìgbà tó wà ní kékeré. Bí ìwé bá fẹ́ sú u, màá ní, "Má bẹ̀rù, a ní èèyàn." Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ dù ú ní Èkó, màá ní, "Má bẹ̀rù, a ní èèyàn." N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Julian rí. Mo ní ẹni tó bá ní kànga kì í fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ilé Harrowmere kò sí mọ́. Lọ́ọ̀dù kú, owó orí pọ̀ lórí ogún, wọ́n ta ilé ìgbèríko, ó ti di òtẹ́ẹ̀lì. Ìjọba ṣòfin pé ẹni tó jogún oyè kò lè tìtorí rẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ mọ́, ni wọ́n bá ní kí àkọ́bí dìde lórí àga bàbá rẹ̀, ó sì lọ ń sin ajá. Káàdì ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Julian nìkan ló kù lójú ọpọ́n, ó sì ti di igi ńlá nínú ìjọba wọn. Mo máa ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo máa ń pe Tómi, ọmọ Káyọ̀dé, kó wá wò ó. "Ọmọ tí mo tọ́ rèé." Tómi á ní, "Okay, Grandpa."

Ibi tó korò la dé yìí.

Káyọ̀dé ló mú mi wá sí Calgary lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ epo kan ló ń bá ṣiṣẹ́ ní downtown, olú ilé iṣẹ́ náà sì wà ní London. Ó ra ilé sí New Brighton, ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn, ó fún mi ní yàrá tí oòrùn ń wọ̀. Fúnmi, ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó ń tọ́jú mi bí ìyá ṣe ń tọ́jú ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Káyọ̀dé dúró, inú Plus 15 ló gbà, àwọn afárá onígíláàsì tó so ilé downtown pọ̀ lókè títì, ó gbé páálí ẹrù rẹ̀ láti ilé dé ilé títí dé ibi tí train wà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà rí i lójú títì. Ó sọ fún mi pé òun pàdé ẹni mẹ́rin tó gbé páálí níbẹ̀. Wọn kò kí ara wọn.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ yàrá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó.

"Daddy, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn yín. Wọ́n ti fún mi ní offer kan ní Saskatchewan, níbi tí wọ́n ti ń wa potash, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì jìnnà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n ní kí n dáhùn by Friday."

Mo ní, "Abúlé ni?"

"Ìlú kékeré ni, sà."

Mo ní kó má lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní bo ara mi láṣọ. Mo ní ọmọ mi kò ní lọ máa wa ilẹ̀ nínú ìgbẹ́ nígbà tí mo ní èèyàn. Mo ní ará ilé ìyàwó Julian wà lára àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ epo yẹn ní London, mo ti rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, kí ó fún mi ní bébà. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu Julian, wọn yóò pe Káyọ̀dé padà.

Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Daddy, ẹ má bínú sà. Offer tó wà lọ́wọ́ ńkọ́? Ká gba ìyẹn ná. If the man replies, fine."

Mo ní, "Fúnmi, ohun tí àgbà rí níjòókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ ní oko, kí ni wọ́n tún fẹ́ pè é wá sí ààfin ṣe?"

Káyọ̀dé wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Ó ní, "Ó dáa, sà." Lọ́jọ́ Friday, ó kọ̀wé sí àwọn ará Saskatchewan pé òun dúpẹ́, òun kò ní lè wá.

Mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo kí Julian kú iṣẹ́ ìlú, mo kí i kú àìrí ara wa, mo bá a kẹ́dùn ikú Lady, mo béèrè orúnkún rẹ̀ tó máa ń yẹ̀ bó bá gun ẹṣin. Mo rán an létí ayò, mo rán an létí ilé ìdáná. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Mo wá sọ ti Káyọ̀dé, ìlà méjì péré, nítorí a kì í na ọwọ́ ìbéèrè gùn jù síwájú ẹni ńlá. Mo fọwọ́ sí i: Sam.

Àpótí lẹ́tà ní New Brighton, ìkóríta ni wọ́n kó ti gbogbo ilé sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń rìn lọ síbẹ̀ nínú snow pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Still nothing?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá ní kò ní pẹ́ dé. Káyọ̀dé kì í béèrè. Àmọ́ bí mo bá wọlé, á gbójú sókè lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á wo ọwọ́ mi.

Ó dé lọ́jọ́ Tuesday, àmì ilé ìgbìmọ̀ wà lórí àpò ìwé náà. N kò lè dúró délé, mo ya á níbẹ̀. "Dear Sir or Madam." Mo kọ orúkọ, mo kọ ọ̀rọ̀ ẹṣin àti ayò, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni mí. Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ pé mo kọ̀wé. Ó ní ọ̀rọ̀ mi yé wọn. Ó ní gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé ìgbìmọ̀, àwọn tó ń gbé ní àdúgbò tó dìbò fún wọn nìkan ni wọ́n lè ṣojú fún. Ó ní kí n jọ̀wọ́ kọ̀wé sí aṣojú àdúgbò mi. Akọ̀wé kan ló fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lẹ́tà mi ni. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ ibi tí mo ti sinmi kí n tó fi "jọ̀wọ́" sí i. Ta ló yẹ kó mọ̀ ju èmi lọ pé ará òdìkejì odò kò rí nǹkan gbà níbẹ̀? Mo mọ òfin náà, mo fi lé àwọn ẹlòmíràn padà. Mo kàn rò pé kò lè bá mi, torí pé mo rò pé ará ilé ni mí. Wọn kò parọ́ fún mi rárá. Àwọn olóṣèlú ilé yẹn sọ̀rọ̀ dídùn fún gbogbo èèyàn, èmi gan-an ni mo ń sọ ọ́ sí wọn létí, tèmi ni mo wá gbà gbọ́.

Mo gbé e fún Káyọ̀dé. Ó kà á tán, ó tún un kà. Mo ń retí kó jágbe mọ́ mi. Ká ní ó jágbe ni, ara ìbá tù mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ti gbìyànjú."

Ó pe àwọn ará Saskatchewan lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ẹ mọ ìyókù. Báńkì gba ilé, gbogbo wa kó wá sí Penbrooke Meadows, èmi nínú basement, àwọn lókè. Fúnmi ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Káyọ̀dé ń wa takisí ní ẹ̀bá pápákọ̀ òfuurufú, àwọn ọ̀gá epo tó ń padà sí London ló máa ń gbé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ orí náà wọ́.

Kò sí ìjà nílé yìí o. Láràárọ̀, Káyọ̀dé á sọ̀ kalẹ̀ wá, á dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ á kan kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á wo oògùn mi bóyá ó kù. Á dìde, á lọ. Kò fi ìgbà kan kùnà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ lẹ́tà náà, kò jókòó nínú yàrá mi mọ́, kò sì bi mí ní "Daddy, kí lẹ rí sí i?" mọ́. Kí n kú kí ọmọ mi má bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn yé mi. Mo wà láàyè, etí mi gbọ́, ọpọlọ mi pé.

Lánàá, Tómi ti ilé ìwé dé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ bísíkíìtì lọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ń ju ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Grandpa, in Winnipeg your room is going to have a big window. Daddy showed me the picture."

Mo ní, "Winnipeg wo?"

Ó ní, "Where we're moving. When school's done. Daddy got a job there." Ó wo ojú mi. "Didn't he tell you?"

Mo nu ẹ̀rúnrún bísíkíìtì kúrò ní ẹnu rẹ̀. Mo ní, "Ó ti sọ fún mi, ọmọ mi. Ó ti sọ fún mi."